Ọ̀gá Kílófọ́ àti Ìlẹ̀kùn Tí Kò Fọ́

Bí ẹ bá gbọ́ tí bàtà kan ń dún kò-kò-kò bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà, tí àwọn akọ̀wé ń gbé ife tíì pamọ́ sábẹ́ tábìlì, tí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sì gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì, Ọ̀gá Kílófọ́ ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ jókòó dáadáa. Ìtàn rẹ̀ ò gùn tó oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn jù ú lọ.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ibẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Onílé á máa san owó díẹ̀ lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ á sì ṣèlérí pé bí olè bá kó o lẹ́rù, àwọn á ra òmíràn fún un. Ọ̀gá ni olórí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí olè kó. Òun ló yẹ kó máa sọ fún wọn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ gbà." Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ti gbọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́" lẹ́nu rẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn. "Ẹ gbà" ni wọn ò tíì gbọ́.

Àga rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ sọ. Ó ní kí káfíńtà fi igi kún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òun lè máa wo èèyàn láti òkè. Nígbà tí káfíńtà ṣe é tán, ó ní, "Ọ̀gá, igi tí a so mọ́ igi ni o. Ẹ má máa já ara yín lé e lójijì."

"Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

Káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àga náà ga débi pé ẹsẹ̀ Ọ̀gá kì í kanlẹ̀. Bó bá ń bínú, bàtà rẹ̀ á máa fì síwá sẹ́yìn bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé ka orí odi.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìbéèrè kan ló sọ ọ́ di Kílófọ́. Ẹni yòówù kó wá sọ pé olè ja òun, ohun tí Ọ̀gá máa bi í ni pé, "Kí ló fọ́?" Ó ní ìfọ́lé ni wọ́n kọ sínú àdéhùn. Bí ìlẹ̀kùn ò bá fọ́, tí fèrèsé ò fọ́, tí àgádágodo sì wà lódindi, a jẹ́ pé ẹnì kan kàn wọlé, ó sì kàn kó ẹrù jáde. Ìyẹn ò kan ilé-iṣẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń pe òun ní Kílófọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé oríyìn ni.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tí àdéhùn wọn dópin. Níbòmíràn, bí onílé ò bá tètè san owó ọdún tuntun, wọ́n á ní àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Ọ̀gá ní rárá, ó kú ni. Tíṣà àgbà kan wá lọ́jọ́ kan, ó ní nígbà tí òun wà nílé ìwòsàn ni olè já fèrèsé òun wọlé. Nǹkan ti fọ́ wàyí, àbí? Ọ̀gá yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì fi ohùn àánú sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Adójútòfò yín ti kú."

"Ó kú kẹ̀? Èmi tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

"Ẹ̀yin ò kú. Òun ló kú. Ẹ jẹ́ ká dìde fún olóògbé."

Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, wọ́n tẹrí ba, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Tíṣà náà dìde pẹ̀lú wọn nítorí ẹ̀kọ́ ilé, ó sì ti tẹrí ba tán kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn onílé: owó yín ti wọlé, ẹ ṣeun, àsìkò yín ń parí lọ, ẹ rántí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní ilé, ilé náà sì wà lábẹ́ adójútòfò bíi ti gbogbo èèyàn. Ó kù díẹ̀ kí àsìkò tirẹ̀ parí ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Onibara wa owon."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fóònù kì í kọ àmì ohùn. Oníbàárà ni akọ̀wé ní lọ́kàn, ẹni tó ń bá wọn ra ọjà. Oníbáárà ni Ọ̀gá kà, ẹni tó ń nawọ́ sí èèyàn létí ọ̀nà. Kò ka ìyókù mọ́. Ó ní kí wọ́n pe akọ̀wé wá.

"Kọ́bọ̀ mélòó ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, oníbàárà ni mo kọ."

"O tún un sọ lójú mi."

"Àmì ohùn ni kò sí lórí ẹ̀, sà. Kì í ṣe—"

"Láti òní lọ, bí ọ̀rọ̀ yòówù bá ń bọ̀ wá bá mi lórí fóònù, oyè mi ni kó ṣáájú rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀." Ọ̀gá di ojú, ó ń pè é jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń jẹ ṣúgà. "Alábòójútó Àgbà. Àpáta Ààbò Gbogbo Onílé. Ojú Tó Ń Rí Irọ́ Lókèèrè. Òpó Tí Ilé-Iṣẹ́ Fẹ̀yìn Tì. Ọ̀mọ̀ràn Tí Kì Í Ṣàṣìṣe."

Akọ̀wé kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn ún. "Sà, ẹ̀rọ yìí kì í gba ọ̀rọ̀ gígùn. Bó bá ti kún, ńṣe ló máa ń gé ìyókù dànù."

"Kí ló wà nínú ìyókù?"

"Iṣẹ́ tí a fẹ́ jẹ́ fún yín ni, sà."

"Oyè mi ni kó wọlé. Ìyókù ò ṣe pàtàkì."

Akọ̀wé ní ó yé òun, sà. Ó sì yé e lóòótọ́.

Láàárín àsìkò yẹn ni obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Télọ̀ ni. Ó ń wẹ ọmọ lẹ́yìnkùlé lọ́wọ́ ni ẹnì kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó gbé máṣínnì ìránṣọ rẹ̀ lọ. Kò jẹ owó ọdún sílẹ̀ rí. Máṣínnì yẹn ló ń bọ́ òun àti ọmọ, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì wà nílẹ̀ ní gígé, tí kò rí nǹkan fi rán wọn.

"Kí ló fọ́?" ni Ọ̀gá bi í láti òkè.

"Kò sí nǹkan tó fọ́, sà. Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mò ń wẹ ọmọ ni."

"Kò sí nǹkan kan tó fọ́."

Télọ̀ ronú díẹ̀. Ó fẹ́ sọ gbogbo òótọ́. "Àwo kan fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ló fọ́ ọ."

"Ṣé olè ni ọmọ yìí?"

"Rárá o, sà. Ọmú nìkan ló ń jí mu, bí mo bá sùn lọ."

"Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Ìfọ́lé. Ẹ bá mi pè é. Ì-fọ́-lé. Ṣé ẹ gbọ́ 'fọ́' nínú rẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Mo tún gbọ́ 'ilé' níbẹ̀. Ilé mi sì ni wọ́n ti gbé e."

Akọ̀wé kan wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Bàtà Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

"Ẹni tó bá wọlé láìfọ́ nǹkan," ni Ọ̀gá wí, ó gbé ìka kan sókè, "kì í ṣe olè lójú ilé-iṣẹ́ yìí. Àlejò ni. Àlejò tó di ẹrù lọ." Ó wá yíjú sí àwọn akọ̀wé, ó ń dúró. Wọ́n mọ ohun tó ń dúró dè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ ẹ̀yìn télọ̀ náà pàtẹ́wọ́, nítorí pé kò pẹ́ tó kọ́ ọ.

Télọ̀ tún ọ̀já rẹ̀ so. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí omi dà níbẹ̀. "Kò burú, sà. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Àárọ̀ àárọ̀ lẹ ó máa bá mi níbẹ̀, títí nǹkan á fi fọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí Ọ̀gá má bá a lórí bẹ́ǹṣì, tó ń fọwọ́ rán aṣọ ilé-ìwé, tí ọmọ ń fà á lówùú. "Ẹ káàárọ̀, sà," ni yóò wí. Ọ̀gá kì í dáhùn, nítorí obìnrin náà kò kí oyè rẹ̀.

Nílé, fóònù Ọ̀gá kò sinmi. Ìyàwó rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun kéèkì lọ́jọ́ kan, nítorí kéèkì ló ń yan tà, ààrò gáàsì ńlá kan ló sì fi ń ṣe gbogbo òwò rẹ̀. Ó rí i tí ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ń kí mi."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹni tí kíkí tọ́ sí ni."

Ó nu ọwọ́, ó gba fóònù, ó kà á. "Bàbá wọn, ọ̀rọ̀ yìí ò parí o. Oyè, oyè, oyè, ó wá ní 'a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé ilé yín', ó sì dúró síbẹ̀. Ilé wa ṣe kí ni?"

"Pé ó rẹwà. Kí ni èèyàn tún fẹ́ sọ nípa ilé yìí?"

"Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n."

"Kí èmi pe akọ̀wé, kí n máa bi í bóyá ilé mi rẹwà? Á ní mo ń tọrọ ìyìn."

"Ẹ̀yin? Ẹ kì í tọrọ ẹ̀. Ẹ máa ń jà á gbà ni." Ó padà sídìí kéèkì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ohun tó kù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un. Kò ní gbọ́, ẹ ò tíì kí oyè rẹ̀ tán.

Bí wọ́n ṣe ń kí i nípa ilé rẹ̀ yìí, ọkàn Ọ̀gá ti wà lọ́nà. Ó dá a lójú pé nǹkan ńlá kan ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin méjì wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n gbé ọkọ̀ ẹrù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, tí ọ̀kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn, kò bi wọ́n pé ta ni yín.

"Ẹ ti pẹ́ jù," ló wí. "Mo ti ń retí yín."

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Wọ́n ti palẹ̀ irọ́ gígùn kan mọ́, wọn ò sì rò pé àwọn ò ní lò ó. Èyí tó gbé kámẹ́rà kọ́ tètè rọra tẹrí ba. "Ẹ má bínú, ọlọ́lá jù lọ. Nítorí ilé ni."

"Mo mọ̀. Ilé rẹwà."

"Ó rẹwà kọjá sísọ. A fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tó jẹ́ ti àwọn ẹni ńlá nìkan. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé inú ilé ṣókùnkùn díẹ̀. Ọlá yín ò hàn tó. Bí a bá lè kó àwọn nǹkan yìí síta, sínú ìmọ́lẹ̀…"

Ọ̀gá ló ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá ló fi òkúta gbè é kó má padà dé. Nígbà tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, òun ló di eteetí kejì mú, tó ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rọra, kó má fọ́. Sófà jáde, kápẹ́ẹ̀tì jáde, fìríìjì jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ààrò gáàsì, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Ti ìyàwó mi nìyẹn. Ṣé ó yẹ kó wà nínú ìwé?"

"Obìnrin tó wà lẹ́yìn ẹni ńlá," ni èkejì wí. Orí Ọ̀gá wú. Ààrò jáde.

"Ó wá ku ẹ̀yin fúnra yín," ni oníkámẹ́rà wí. "Ẹ dúró sáàárín pálọ̀. Ẹ gbé àyà síwájú. Ẹ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe púpọ̀, bí ẹni tó ń dárí jini. Ó dáa. Ẹ má mira. À ń lọ gbé iná ńlá wá látinú ọkọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ tó lọ ra ẹyin ló bá a nídùúró bẹ́ẹ̀. Pálọ̀ ṣófo. Bó ṣe ní "ẹ káàsán," ohùn rẹ̀ padà wá bá a láti ara ògiri.

"Bàbá wọn, àwọn àga dà?"

Ọ̀gá ò fẹ́ ba ẹ̀rín ojú rẹ̀ jẹ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀. "Wọ́n ń ya fọ́tò."

"Níbo?"

"Níta."

"Ìta ni mo ti ń bọ̀ yìí. Ẹran ọ̀sìn aládùúgbò nìkan ni mo rí."

Ẹ̀rín náà rọra ń kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà ṣì wà níwájú. Obìnrin náà wọ ilé ìdáná. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò pariwo, ìyẹn ló sì já Ọ̀gá láyà.

"Wọ́n gbé ààrò mi."

"Ìwọ náà wà nínú ìwé."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ni kí ẹ rí i pé wọ́n ra nǹkan padà fún ẹni tí olè kó. Ẹ lọ ṣe é. Bí mi ò bá rí ààrò mi, oyè yẹn lẹ ó máa jẹ lówùúrọ̀, ẹ ó máa jẹ ẹ́ lálẹ́."

Ọ̀gá ò lè gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀, nítorí náà ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ wá jókòó lé e lórí. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, torí ó kọ̀ láti lo àga ẹlòmíràn. Ooru mú, wọ́n fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Lẹ́yìn ògiri, lórí bẹ́ǹṣì, télọ̀ ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ìyá àgbà kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Ọ̀gá lókè lọ́hùn-ún. "A gbọ́ pé olè kó yín. Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló fọ́?"

Gbogbo akọ̀wé wolẹ̀. Ọ̀gá rí ojú ìyàwó rẹ̀ nínú ọkàn, ó rí ibi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀. Ó wá rò pé ẹni bí òun ò gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀, ńṣe ló yẹ kí òun kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó dìde dúró lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan wà láyé tó ń rò pé ìlẹ̀kùn ni ilé. Ojú wọn kúrú. Ṣé ìlẹ̀kùn ló ń sùn nínú ilé? Ṣé fèrèsé ló ń ra àga? Ẹni tó bá wọ ilé onílé láti kó o lẹ́rù, ó ti fọ́ ilé yẹn, ì báà rọra wọlé bí ológbò. Ó fọ́ ọkàn rẹ̀. Ó fọ́ oorun rẹ̀. Ó fọ́ àárín tọkọtaya." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi tó kẹ́yìn yìí, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. "Ẹni tó bá bi irú onílé bẹ́ẹ̀ pé kí ló fọ́, ìkà ni, kò sì gbédè."

Télọ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri, jẹ́jẹ́: "Ẹ ṣeun, sà."

"Ọ̀rọ̀ yìí dára," ni Alága wí. "Ṣé fún yín nìkan ni, tàbí kí a sọ ọ́ di òfin fún gbogbo onílé?"

Òfin. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀gá lára bí òróró. "Fún gbogbo onílé, láti òní títí láé. Kí wọ́n sì fi oyè mi sọrí rẹ̀."

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí pé ẹjọ́ télọ̀ ló ṣáájú, tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Alága gbóhùn sókè díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá ọmọ, ẹ ó gba máṣínnì tuntun."

"Mo gbọ́, mà," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ògiri. "Ẹ má bínú pé mi ò dìde. Ọmọ ò tíì yó."

"Ó ku tèmi," ni Ọ̀gá wí.

Akọ̀wé àtẹ̀jíṣẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà. Ó wò ó. Ó tún un wò. "Sà… àdéhùn ilé yín ti dópin. Ẹ ò san ti ọdún yìí."

"Ta ló sọ fún mi?"

"A sọ fún yín léraléra, sà. Ó wà lórí fóònù yín."

Ọ̀gá fa fóònù yọ. Inú bí i débi pé sókè ló kà á, kí gbogbo ayé lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ mọ́ òun. Ó ka Alábòójútó Àgbà, ó ka Àpáta Ààbò, ó ka Ojú, ó ka Òpó, ó ka Ọ̀mọ̀ràn Tí Kì Í Ṣàṣìṣe. "…A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé ilé yín." Ó dúró. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Kò sí lábẹ́ adójútòfò mọ́," ni akọ̀wé parí rẹ̀ fún un, jẹ́jẹ́. "Ìyókù nìyẹn, sà. Èyí tí ẹ ní kò ṣe pàtàkì."

Akọ̀wé kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dìde, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Èkejì tẹ̀ lé e. Kó tó pẹ́, gbogbo wọn ti wà nídùúró, wọ́n tẹrí ba, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́ fún olóògbé. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti mọ́ wọn lára ni.

Ọ̀gá já ara rẹ̀ lé àga lójijì.

Gbì.

Ìdákẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ àga kan yí gbirigbiri jáde gba ẹnu ọ̀nà, tó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Télọ̀ ò rí inú yàrá. Ẹ̀rù bà á, ó di ọmọ mú, ó sì fi gbogbo ọkàn béèrè lọ́wọ́ wọn:

"Kí ló fọ́?"

Alága ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ò ríbi gbé tiwọn mì mọ́.

Wọn ò lé Ọ̀gá kúrò níṣẹ́. Akọ̀wé àtẹ̀jíṣẹ́ bọ́ sípò tó ga díẹ̀, Ọ̀gá sì jókòó sídìí ẹ̀rọ àtẹ̀jíṣẹ́, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Òfin tuntun wà nínú ìwé láìsí oyè kankan lórí rẹ̀, torí àyè ò tó. Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń yan kéèkì nídìí ààrò aládùúgbò, Ọ̀gá ló sì ń ru páànù tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ ni ti télọ̀. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é fún un: "Masinni yin ti de. E wa gbe e." Ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó bá fi ìka kan rọra kún un nísàlẹ̀, pé láti ọwọ́ Alábòójútó Àgbà Tẹ́lẹ̀ Rí, Àpáta Ààbò Gbogbo Onílé, Ojú Tó Ń Rí Irọ́ Lókèèrè, Òpó Tí Ilé-Iṣẹ́ Fẹ̀yìn Tì, Olùdásílẹ̀ Òfin Ìlẹ̀kùn Tí Kò Fọ́, títí dé orí ọ̀mọ̀ràn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Lórí bẹ́ǹṣì, fóònù télọ̀ dún. Ó kà á, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wọlé lọ gbé máṣínnì rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i dé pérépéré, ó sì fi "lati owo Ala" parí. Ẹ̀rọ ti gé ìyókù dànù.